Ajáwé So Ààlè ní Igbó Ayùnrébọ̀

Ẹ̀yin ará ilé mi, ẹ súnmọ́ mi dáadáa, kí ẹni tó fẹ́ wúkọ́ wú u tán nísinsìnyí, nítorí ọ̀rọ̀ tí mo gbé dání yìí kò fẹ́ ìdíwọ́. Èmi ni Ọdẹ́yalé, ọdẹ tí ẹfọ̀n rí tó yà bàrá kúrò lójú ọ̀nà, tí ẹkùn gbóòórùn rẹ̀ tó rántí pé òun ní iṣẹ́ níbòmíràn. Bí ẹnikẹ́ni bá ní irọ́ ni mo ń pa, kó lọ béèrè lọ́wọ́ àwọn awọ tó wà lára ògiri ilé mi. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹran ni mo fẹ́ sọ lónìí, ọ̀rọ̀ ewé ni. Ìwọ tó ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn yẹn, mo rí ọ. Ẹran tó bá fẹ́ pa ọ́, o ó kọ́kọ́ gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀. Ewé kì í rìn, kì í bú ramúramù, síbẹ̀ ewé ló kù díẹ̀ kó sọ mí di ẹni ìròyìn.

Ọkùnrin kan wà ní Ìdóògùn ìlú wa nígbà náà, Ṣádírákì Fágbèmí ni orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n Ajáwé ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Sàró ni wọ́n bí i sí. Ìyá rẹ̀, Ẹfúnyẹlá, ni ogun kó lẹ́rú nígbà tó ṣì jẹ́ ọmọge. Wọ́n ti kó o sínú ọkọ̀ ojú omi kí àwọn òyìnbó kan tó dá ọkọ̀ náà dúró lójú òkun, tí wọ́n sì sọ gbogbo wọn kalẹ̀ sí Sàró. Níbẹ̀ ni wọ́n ti gba orúkọ rẹ̀ lẹ́nu rẹ̀, tí wọ́n ń pè é ní Máàtà. Níbẹ̀ ló ti bímọ lọ́mọlọ́mọ, tí ibà sì ń mú wọn lọ títí tó fi ku Ṣádírákì nìkan. Àlùfáà òyìnbó arúgbó kan ló kọ́ Ṣádírákì ní iṣẹ́ ewé: bí a ti ń já a tòdòdótòdòdó, bí a ti ń tẹ́ ẹ sáàárín ìwé, tí a ó fi pákó há a, tí a ó fi okùn dì í gírígírí títí yóò fi gbẹ láìká. Nígbà tí ìyá rẹ̀ ní ilẹ̀ baba òun ni òun fẹ́ kú sí, ó gbé e padà wá sí Ìdóògùn, láti ìgbà náà ni ìdí rẹ̀ kò sì ti rí ilẹ̀ jókòó. Ó já ewé láti etí ọ̀sà Èkó títí dé etí odò Ọya. Ó sùn lórí igi, agbọ́n ta á, àwọn ará ìlú kan dè é lókùn pé oṣó ni. Òkè òkun ló ń kó àwọn ewé náà ránṣẹ́ sí, níbi tí wọ́n ti kọ́ ilé ńlá fún ewé gbígbẹ. Ilé fún ewé gbígbẹ, ẹ gbọ́ o! Àwọn ènìyàn ní orí rẹ̀ ti yí. Èmi náà bá wọn sọ ọ́, títí di ọjọ́ tó se èèpo igi fún àbúrò mi tí ibà ti sọ di egungun, tí ọmọ náà dìde tó béèrè iyán.

Ní ọjọ́ kan ló wá bá mi. Ó ní òun ti gbọ́ pé ní àárín Igbó Ayùnrébọ̀, igi kan wà tí òdòdó rẹ̀ kì í yọ lórí ẹ̀ka, ara ìtì gan-an ló ti ń yọ, àwọ̀ rẹ̀ sì dà bí aró tó gbó. Ó ní kò sí ẹni tó mọ̀wé tó ti fi ojú kàn án rí. Ẹ̀yin náà mọ igbó tí mò ń wí. Kì í ṣe pé ẹni tó lọ síbẹ̀ ń bọ̀ ni wọ́n ṣe ń pè é ní Ayùnrébọ̀, àdúrà ni àwọn baba wa fi sọ ọ́ lórúkọ. Mo ní, "Ajáwé, igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó." Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, òkèèrè ni mo ti ń wò ó láti ọjọ́ yìí wá." Mo mọ̀ pé bí n kò bá mú un lọ, yóò dá lọ.

Ìyá rẹ̀ tẹ̀ lé e wá sílé mi ní ìdájí ọjọ́ tí a fẹ́ lọ. Ó ti di arúgbó kùjọ́kùjọ́ nígbà náà. Kò bẹ̀ mí, kò sì sunkún. Ó fa ọ̀bẹ ìdí mi yọ nínú àkọ̀, ó nà án sí mi, ó ní, "Ọdẹ́yalé, òkun ti gba tèmi, ibà ti gba tèmi, ẹyọ kan ló kù. Fi ahọ́n kan irin yìí pé o ó mú un bọ̀ wá bá mi láàyè." Ẹ̀yin ará, ẹni tó bá fi ahọ́n kan irin tó sì yẹ̀ ẹ́, Ògún ni yóò bá a ṣírò. Mo fi ahọ́n kan án. Ìyá náà tú aṣọ pupa tó fi bora, ó fi wé ọmọ rẹ̀ léjìká nítorí òtútù, ó sì kọ ẹ̀yìn sí wa kí a má baà rí ojú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n fo ọ̀nà oko àti ibi tí a sùn sí. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ iye iṣu tí a sun jẹ, kó lọ bá alásè. Ìtàkùn ni ẹnubodè igbó náà, odò dúdú kan ló sì wà níbẹ̀, inú odò náà ni ẹ̀dá kan dúró sí tó dí ọ̀nà pa. Ẹlẹ́yìn-olú ni wọ́n ń pè é. Ó ga jù mí lọ, ẹ̀yìn rẹ̀ sì kún fún olú láti ọrùn dé ìbàdí, ńlá àti kékeré, ó ń já wọn jẹ bí ẹni ń jẹ ẹ̀pà. Ó ní, "Ẹ̀yin ọmọ ènìyàn, ilẹ̀ oko mi ti kún. Ẹ ó já àlọ́ mi tàbí kí ẹ yá mi ní ẹ̀yìn yín kí n máa fi dáko. Òkú ló bí i, òjò ló gbẹ̀bí rẹ̀. Kò ní egungun, kò ní ẹ̀jẹ̀. Ilé kan ṣoṣo ló ń kọ́ láyé rẹ̀, òrùlé ilé náà la sì ń jẹ. Kí ni?"

Ta ló fẹ́ dáhùn bí kò ṣe èmi akọni! Mo ní, "Ìgbín ni." Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ìgbín a máa bí ara rẹ̀, òkú kì í bí i." Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀yìn mi bẹ̀rẹ̀ sí í yún mi. Mo na ọwọ́ sẹ́yìn, nǹkan rírọ̀ kan ti ń ta jáde lábẹ́ ẹ̀wù mi! Mo ké. Ajáwé kò tilẹ̀ wò mí, ẹ̀yìn ẹ̀dá náà ló tẹjú mọ́ pẹ̀lú ìfẹ́, ó ní, "Olú ni, bàbá. Lára igi tó kú ló ti ń yọ nígbà òjò, òrùlé rẹ̀ ni ẹ̀ ń jẹ lẹ́nu yẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ lè fún mi ní ọ̀kan nínú àwọn tó wà léjìká yín? N kò rí irú rẹ̀ rí." Ẹlẹ́yìn-olú ya ẹnu sílẹ̀. Kò sí ẹni tó tọrọ nǹkan lọ́wọ́ rẹ̀ rí, sísá ni gbogbo ènìyàn ń sá. Ó já ọ̀kan fún un, ohun tó ń hù lẹ́yìn mi já bọ́, ó sì yà lọ́nà. Ó ní, "Ẹ máa lọ. Ẹni tó bá padà la ó kí."

A wọ inú igbó. Mo wà níwájú, Ajáwé wà lẹ́yìn, nítorí ọdẹ kì í wo ẹ̀yìn nínú irú igbó bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá wo ẹ̀yìn, ohun tó ń tẹ̀ lé e yóò mọ̀ pé òun ti dẹ́rù bà á. Òjò rọ̀ lé wa lórí títí ó fi dá. Mò ń gbọ́ Ajáwé tó ń kọ orin ìsìn wúyẹ́wúyẹ́, tó ń dúró, tó ń já ewé, tó ń sáré bá mi. Inú mi dùn sí ohùn rẹ̀, mo mọ̀ pé ó wà láàyè. Nígbà tí oòrùn kúrò ní àtàrí, a yọ sí ibi gbangba kan tí koríko kò hù sí, a sì rí igi náà. Ẹ̀yin ará, mo ti rí ohun tó lẹ́wà rí, mo sì ti fẹ́ méjì nínú wọn sílé, ṣùgbọ́n n kò rí irú èyí. Láti gbòǹgbò dé ibi tí ọrùn ènìyàn ń mọ ni òdòdó aláwọ̀ aró fi bo ìtì igi náà, oyin sì ń kùn lórí wọn. Ajáwé kúnlẹ̀. Ó sunkún bí ọmọ tí ìyá rẹ̀ ti ọjà dé. Lẹ́yìn náà ló dìde, ó já òdòdó kan, èmi kọjá síwájú láti ṣọ́ igbó, mo sì gbọ́ tí aṣọ ya fàà lẹ́yìn mi.

Ìgbà náà ni gbogbo igbó dákẹ́. Oyin dákẹ́, ẹyẹ dákẹ́, omi tó ń kán láti orí ewé pàápàá dúró. Èmi tí n kì í wo ẹ̀yìn, mo wo ẹ̀yìn. Lára igi tí òdòdó wà, àti lára igi tó tẹ̀ lé e, àti gbogbo ojú ọ̀nà tí a gbà wá bí ojú mi ti lè ríran tó, àkísà pupa ń fì, ìkarahun ìgbín sì so mọ́ ìdí ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Mo ní, "Ajáwé! Kí lo so yìí?"

Ó ní, "Àmì ni, ẹ̀gbọ́n. Kí n lè dá igi tí mo ti já mọ̀ bí a bá ń padà. Ìwé ni mo máa ń so, òjò ti sọ ìwé mi di ẹ̀kọ, ni mo bá ya aṣọ màmá. Ìkarahun tí mo ń ṣà nílẹ̀ yẹn kò jẹ́ kí afẹ́fẹ́ gbé e ká igi."

Mo di orí mú. Ta ni nínú yín tí kò mọ̀ pé àkísà pupa pẹ̀lú ìkarahun ìgbín, ààlè ni? Ẹni tó bá fi í sórí igi ìdáná tàbí ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀ ti sọ fún gbogbo ayé pé òun ló ni ín, pé ẹni tó bá fọwọ́ kàn án, kó fojú winá. Ọmọ ọdún márùn-ún nílé wa mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n Sàró ni wọ́n bí ọkùnrin yìí sí, kò sì sí ẹni tó ń so ààlè nínú ìwé. Àìmọ̀kan-mọ̀kàn ló ń mú èkúté ilé pe ológbò níjà. Ó ti fi ààlè gba gbogbo Igbó Ayùnrébọ̀ lọ́wọ́ àwọn tó ni ín.

Wọ́n jáde. Àwọn ìwin kékeré ló kọ́kọ́ yọ, wọ́n di ikùn mú, ojú wọn kó wọnú. Lẹ́yìn wọn ni Atẹ̀lẹ̀hùgbó, àgbà igbó náà, yọ sí wa. Ibi tó bá tẹ̀ ni koríko ń hù, irun orí rẹ̀ ń wọ́ nílẹ̀ bí ìtàkùn, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀ tó jẹ́ pé àtẹ́lẹsẹ̀ ni mo fi gbọ́ ọ. Ó ní, "Ta ló so ààlè?"

Mo dọ̀bálẹ̀. Mo ní, "Àgbà igbó, ẹ má bínú, àlejò ni, kò mọ̀ ọ́n."

Ó ní, "Láti òwúrọ̀ ni ebi ti ń pa àwọn ọmọ mi. Èso wa wà lórí igi, a kò lè ká a. Ilé wa wà nínú ìtì, a kò lè wọ̀ ọ́. Ẹ̀yin ènìyàn ló ń fojú di ààlè, àwa kì í ṣe bẹ́ẹ̀." Ó kọjú sí Ajáwé. "Igbó ti di tìrẹ. Ó dára. Ṣùgbọ́n ẹni tó ni igbó kì í kúrò nínú rẹ̀. Bí oòrùn bá wọ̀ tí ẹyọ ààlè kan ṣì kù lára igi, ìwọ náà yóò ta gbòǹgbò, o ó sì máa ṣọ́ ohun ìní rẹ."

Mo gbé ìbọn. Ẹ má rò pé ojo ni mí. Kí n tó nà án, ewé ti hù jáde lẹ́nu ìbọn náà, ìdí rẹ̀ ti rúwé. Mo sọ ọ́ sílẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ ẹ̀bẹ̀, mo ṣe ìlérí ẹbọ, kò gbà á. Ajáwé ló béèrè ọ̀rọ̀ ọlọ́gbọ́n, ó ní, "Àgbà, ṣé ẹni tó so ó lè tú u?"

"Ó lè tú u. Ọwọ́ tó so ni yóò tú, kò gbọdọ̀ fi irin kàn án. Ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ ni yóò ti bẹ̀rẹ̀. Ní ìdí igi kọ̀ọ̀kan, yóò kí igi náà ní orúkọ, yóò sì sọ òtítọ́ nípa ohun tó wá gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Ewé tí a bá fi bẹ́ẹ̀ bùn ọ́, máa mú un lọ."

Kò tíì parí ọ̀rọ̀ tí Ajáwé fi ń sáré padà lọ sí ẹnubodè. Àwọn ìwin ń sáré bá wa lọ́tùn-ún lósì. Ó dé ìdí ààlè kìíní, ó di kókó rẹ̀ mú, kókó kò tú! Òjò ti mú un wú. Ó fi èékánná, ó fi eyín, ó tú. Ó ní, "Ìrókò, mo kí ọ, ewé rẹ ni mo wá gbà kí n lè fi hàn àwọn tí kò rí ọ rí." Ìwin kan fò gun orí ìrókò náà, ó ń jẹun. A sáré. "Ahùn, mo kí ọ. Àyùnrẹ́, mo kí ọ. Orógbó, mo kí ọ." Mò ń wo oòrùn, oòrùn ń sọ̀ kalẹ̀. Ọwọ́ mi ń yún mi láti bá a tú u, n kò sì gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Ẹ̀yin ọkùnrin, ṣé ẹ mọ bó ti rí kí ènìyàn dúró bí òpó nígbà tí ẹni tí a fi lé e lọ́wọ́ ń ṣègbé? Èékánná rẹ̀ ṣí. Eyín rẹ̀ kan kán. Ẹ̀jẹ̀ ń kán sórí aṣọ pupa, a kò mọ èyí tó jẹ́ aṣọ àti èyí tó jẹ́ ẹ̀jẹ̀ mọ́. Kò gbàgbé orúkọ kan. Bí ewé bá pẹ́ lára ọṣẹ, á di ọṣẹ; ọkùnrin náà ti bá igi gbé débi pé ó ń kí wọn bí ẹni ń kí ará ilé.

A padà dé ìdí igi olódòdó aró. Oòrùn ti fi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀. Ààlè kan ṣoṣo ló kù, Ajáwé sì fi eyín tú kókó rẹ̀, ó kù kó fà á kúrò. Ó dì í mú lọ́wọ́, kò fà á.

Atẹ̀lẹ̀hùgbó ní, "Kí i ní orúkọ."

Kò sí ẹni tó sọ igi náà lórúkọ rí. Ajáwé wá sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń sunkún, ó ní, "Ní òkè òkun, ẹni tó bá kọ́kọ́ rí igi ló ń fún un lórúkọ, orúkọ náà kì í parẹ́ láéláé. Mo ti sọ nínú ọkàn mi pé Ẹfúnyẹlá ni n ó pè é. Wọ́n gba orúkọ yẹn lọ́wọ́ ìyá mi ní Sàró. Mo fẹ́ fi sí ibi tí ẹnikẹ́ni kò ti ní lè gbà á mọ́."

Àgbà igbó ní, "Ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Bí o bá sọ ọ́ lórúkọ, ọmọ rẹ ni. Ta ni yóò wá dúró tọ́ ọ?"

Mo wo ẹsẹ̀ Ajáwé. Gbòǹgbò funfun tín-ínrín ti ń yọ ní gìgísẹ̀ rẹ̀, ó ń wá ilẹ̀. Kò tilẹ̀ mọ̀. Òdòdó náà ló ń wò, ètè rẹ̀ sì ti ń la láti pe orúkọ ìyá rẹ̀. Ẹ̀rù bà mí ju ti ìgbà tí ẹkùn gorí mi lọ. Mo pariwo, "Ṣádírákì!" N kò pè é bẹ́ẹ̀ rí. "Ìyá rẹ kò rán mi ní òdòdó! Ó ní kí n mú ọmọ òun bọ̀! Ẹyọ kan ló kù fún un!"

Ó yíjú sí mi. Ó wo igi náà lẹ́ẹ̀kan sí i. Ó gbé òdòdó tó já kalẹ̀ sí ìdí rẹ̀, ó ní, "Mo kí ọ. N kò mọ orúkọ rẹ. Mo wá gbà ọ́ fún ìyá mi, ṣùgbọ́n èmi ni ó fẹ́." Ó fa ààlè náà kúrò. Gbòǹgbò ẹsẹ̀ rẹ̀ já pátapáta, ó ṣubú lé mi láyà, bẹ́ẹ̀ ni oòrùn wọ̀. Atẹ̀lẹ̀hùgbó gba ìlérí lọ́wọ́ mi pé n kò ní mú ẹsẹ̀ ọkùnrin náà dé ibẹ̀ mọ́, ó sì fi àwọn ìwin sìn wá dé odò.

Ìyá rẹ̀ wà lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí a dé. Kò kí wa. Ó fi ọwọ́ wá ara ọmọ rẹ̀ láti orí dé ẹsẹ̀ bí ẹni tó ń wo iṣu tó fẹ́ rà, ó rí eyín tó kán, ó rí èékánná, ó ní, "Aṣọ mi dà?" Ajáwé ní, "Igbó lò ó, màmá." Ìyá náà bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà di ẹkún. Lẹ́yìn náà ló kọjú sí mi, arúgbó yẹn, ó kúnlẹ̀ fún mi. Mo gbé e dìde kíá. Ojú tì mí, inú mi sì dùn tó bẹ́ẹ̀ tí n kò lè jẹun.

Ajáwé pẹ́ láyé lẹ́yìn náà. Ó sin ìyá rẹ̀ tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ó gbin ọgbà kan sẹ́yìn ilé, inú rẹ̀ ni àwọn aboyún àti àwọn tí ibà ń ṣe ṣì ń gba ewé títí di òní olónìí, bí ẹ bá sì gbọ́ tí àwọn ọmọ Ìdóògùn ń kí igi kí wọ́n tó bó èèpo rẹ̀, òun ló kọ́ wọn. Wọ́n ní àwọn ewé rẹ̀ pọ̀ nínú ilé òkè òkun yẹn. N kò mọ̀ bóyá orúkọ rẹ̀ wà lára wọn. Kò dárúkọ igi aláwọ̀ aró fún mi láti ọjọ́ náà, kò sì mọ ọ̀nà ibẹ̀, nítorí ewé ló ń wò nígbà tí èmi ń wo ọ̀nà.

Ọjọ́ tó fẹ́ kú, ọ̀sán ni, ó ránṣẹ́ pè mí. Kò lè jókòó mọ́. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ mú mi lọ síbẹ̀."

Mo ní, "O mọ̀ pé mo ti ṣèlérí. N kò gbọdọ̀ mú ẹsẹ̀ rẹ débẹ̀."

Ó ní, "Ẹsẹ̀ mi kò lọ síbì kan mọ́. Ẹ ṣáà máa sọ ọ̀nà, n ó máa bọ̀ lẹ́yìn."

Mo jókòó tì í. Mo ní, "A ti jáde ní ẹ̀yìn ọgbà, a ti gba oko Ògúnṣeyè kọjá." Ó di ojú. Mo sọ ti òkè, mo sọ ti odò dúdú, mo mú un wọnú igbó. Bó ti ń ṣe láyé àtijọ́ náà ló ń ṣe, ó ń dá mi dúró, ó ń wí pé, "Ẹ rọra, ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹ́ kí n wo èyí." Mo dúró dè é ní ìdí ìrókò. Mo dúró dè é ní ìdí orógbó. Ní ìkọjá orógbó, kò ní kí n rọra mọ́. Mo mọ̀ pé n kò gbọ́ èémí rẹ̀, ṣùgbọ́n n kò wo ẹ̀yìn, n kò sì dákẹ́. Mò ń sọ̀rọ̀ lọ títí a fi yọ sí gbangba tí koríko kò hù sí, títí mo fi mú ọmọ Ẹfúnyẹlá dé ìdí igi náà. Ibẹ̀ ni mo fi í sí. Ibẹ̀ náà ni mo ti padà wá bá yín báyìí, ẹ̀yin ará. Ẹ bu omi fún mi mu.